Ọ̀tá Tó Dúró De Mùsílíù

Yàrá kan ni Mùsílíù àti Oyèwọlé jọ ń gbé ní Ilo-Awela, ní Ọ̀tà. Ibùsùn kan ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń sùn sí i, ṣùgbọ́n wọn kì í sùn sí i pọ̀. Bí ọ̀kan bá dìde, èkejì á dùbúlẹ̀ sí ojú ibi tí ara ẹni àkọ́kọ́ ti mú gbóná. Ọdún kẹrin rèé.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe garawa àti bàsíà oníke ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n sì ń dúró tì. Ẹnì kan á dúró tì í láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹnìkejì á gbà á di mẹ́fà àárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á pààrọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń pa ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ Àìkú nìkan náà ni àwọn méjèèjì ń rí ojú ara wọn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń pàdé. Ṣadé, tó ń din àkàrà níbẹ̀, ló sọ wọ́n ní Ìbejì Àìríra.

“Ìbejì Àìríra, ọ̀kan ń wọlé, ọ̀kan ń jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìyàwó, ta ló máa bá a sùn?”

“Ìwọ gan-an la ń wò,” Oyèwọlé á dá a lóhùn. “Ó kù sí ọ lọ́wọ́.”

“Kí n fẹ́ ẹni tó ń bá fóònù sùn? Kọjá lọ́dọ̀ mi jàre, àkàrà mi ń jóná.”

Oyèwọlé á rẹ́rìn-ín títí yóò fi di àyà mú. Ọmọ Ìkirè ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Mùsílíù, tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, wá láti Ìsẹ́yìn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá jẹun tán, ó máa ń dojú abọ́ dé kí ó tó dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ní orí.

Ní ẹnu géètì yẹn, ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ á gbé fóònù ńlá kan àti ìwé kékeré kan fún ẹni tó ń lọ sílé. Olúkúlùkù ní fóònù onítọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ tó fi ń pe ilé, ṣùgbọ́n àjọrà ni ti ńlá yìí. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú un wọ inú ilé iṣẹ́, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó bá ń sinmi ló máa ń wà. Torí eré kan ni wọ́n ṣe rà á.

Orúkọ òyìnbó gígùn ni eré náà ń jẹ́. Àwọn ń pè é ní Òkè Eérú, nítorí pé orí òkè kan tí eérú bò ni ọ̀tá ìkẹyìn ń gbé. Jagunjagun mẹ́rin ló ń rìn lọ sí òkè náà. Wọ́n ń la igbó kọjá, wọ́n ń wọ inú ihò àpáta, ohunkóhun tí wọ́n bá sì pàdé ni wọ́n ń bá jà: ìkookò olójú mẹ́ta, òkú tó dìde, ẹyẹ tó ń pọ iná.

Ìjà ibẹ̀ kò fẹ́ ọwọ́ yíyá. Bí ayò ni, ó ń kan olúkúlùkù. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì ojú fóònù, àwòrán orí gbogbo àwọn tó ń jà tò sí ìlà, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù ló wà lókè. Ìgbà tí ó bá kan jagunjagun kan, ohun kan ṣoṣo ló lè ṣe. Ó lè gbá ọ̀tá, ó lè pe ọfọ̀, ó lè gbé asà dí ara rẹ̀, ó lè mú oògùn láti inú àpò, ó sì lè sá. Bí o bá ti fi ìka kan èyí tí o fẹ́, kò sí pé mo ṣèèṣì. Ó ṣe é, orí rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà, ó di ẹlòmíràn. Bí ó bá kan ọ̀tá, ọ̀tá á ṣe tirẹ̀, ìwọ á sì máa wò ó.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kàn ọ́, tí o kò tíì yan ohunkóhun, gbogbo rẹ̀ á dúró. Ọ̀tá á gbé idà sókè, kò ní sọ ọ́ kalẹ̀. Iná á dúró sẹ́nu ẹyẹ. O lè lọ wẹ̀. O lè lọ kírun. O lè lọ dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí méjìlá kí o padà bá a bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ohun tí Mùsílíù fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Ọ̀tà, kò mọ ohun mìíràn tó ń dúró de ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣíftì. Ọkọ̀ kì í dúró. Omi kì í dúró lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀gá Ògúndèjì tó jẹ́ súpáfáísọ̀ wọn kì í dúró.

Nítorí náà ìjà tí Oyèwọlé bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, Mùsílíù á gbà á ní ìrọ̀lẹ́, á sì máa bá a lọ. Ìwé kékeré náà ló ń sọ ibi tí nǹkan dé. Láti ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìwé àńdófà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ nínú ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń lọ á kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe wà, ohun tó ń ṣe é, ohun tí ẹni tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹni tó ń bọ̀ á kà á kí ó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkùnrin tí Mùsílíù ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ohun gbogbo dára. Bóòtù kan ti tú lára ilẹ̀kùn irin tó ń bo ẹnu ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà rí i, ṣùgbọ́n oorun ń kùn ún, ó fẹ́ máa lọ. Kí aago méje tó lù, orí ìka Mùsílíù ti lọ. Oyèwọlé, tó ń di ẹrù nígbà náà, ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé ọwọ́ náà. Òun ló jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó dì í mú dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n lé ọkùnrin yẹn, Oyèwọlé ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gbé ìwé àńdófà sókè lójú Mùsílíù.

“Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo bá kọ síbí, ohun tí mo rí ni. Bí mo bá purọ́ nínú ìwé yìí, kí ẹ̀rọ yìí gé tèmi náà.”

“Má ṣépè fún ara rẹ.”

“Mo ti ṣe é ná.”

Láti ọjọ́ náà, Mùsílíù kò yẹ bóòtù wò mọ́. Á ka ohun tí Oyèwọlé kọ, á sì tẹ bọ́tìnnì. Oṣù kejì ni ó ní kí Oyèwọlé wá máa bá òun gbé.

Ìwé ti eré náà kò yàtọ̀. Ọwọ́ Oyèwọlé tóbi, ó sì ń tẹ̀ sápá ọ̀tún: *Ẹyẹ ti jẹ lílù méjì. Ó kan Fàtímọ̀. Ẹ má jẹ́ kó pe ọfọ̀, agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kó gbé asà.* Ọwọ́ Mùsílíù kéré: *Mo gbọ́. Ó ti gbé e. Ó kù sí ọ lọ́wọ́.*

Méjì nínú àwọn jagunjagun náà jẹ́ ti Oyèwọlé: onídà kan tó sọ ní orúkọ ara rẹ̀, àti tafàtafà kan. Méjì jẹ́ ti Mùsílíù: ọkùnrin kan tó ń gbé asà ńlá, àti obìnrin tó ń wo ọgbẹ́ àwọn tó kù. Obìnrin yìí ni Fàtímọ̀.

Fàtímọ̀ ni orúkọ ẹ̀gbọ́n Mùsílíù obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ọdún tí Mùsílíù dé Ọ̀tà ló kú, ní Ìsẹ́yìn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ìdí ẹ̀rọ ni Mùsílíù wà nígbà tí wọ́n ń pè é. Wọn kì í dá òkú Mùsùlùmí dúró. Nígbà tó fi máa délé, wọ́n ti ń fọ ọkọ́. Kò sí àwòrán rẹ̀ kankan. Nígbà tí eré náà to ojú mẹ́wàá kalẹ̀ pé kí ó yan ọ̀kan, Mùsílíù wò wọ́n fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Ó yan èyí tó wé ìbòrí, tí kò rẹ́rìn-ín.

Nínú eré, ara Fàtímọ̀ kò le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, ìsàlẹ̀ ìlà ló máa ń wà. Lílù méjì tó lágbára, ó ti ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ó bá kàn án, á gbé ọwọ́ sókè, ara gbogbo àwọn tó kù á sì dá. Òfin kan wà ní Òkè Eérú. Ẹni tó bá ṣubú, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lo oògùn àjíǹde fún un kí ìjà náà tó parí. Bí wọn kò bá lò ó, kò ní dìde mọ́ láéláé. Eré náà kì í jẹ́ kéèyàn padà sẹ́yìn.

Wọ́n ti gbé Fàtímọ̀ dìde nígbà mọ́kànlá láàárín ọdún mẹ́rin. Mùsílíù mọ iye rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n dé orí òkè. Ọ̀tá ìkẹyìn jókòó sórí àga òkúta, ó ga tó ilé alájà méjì. Wọ́n ti gbọ́ pé bí wọ́n bá borí rẹ̀, eérú á ká kúrò, àwọn tó bá ṣì wà láàyè á sì rí òkun láti ibẹ̀. Mùsílíù fẹ́ kí Fàtímọ̀ rí òkun. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún.

“Ọjọ́ Àìkú ni ká ṣe é,” ó wí fún Oyèwọlé. “Kí àwa méjèèjì jókòó. Kí ìka oníkálukú kan tirẹ̀.”

“Ṣé ẹ rò pé mo lè dá a kò lójú ni? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.”

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ dé, Oyèwọlé ní ìyá òun ń ṣàìsàn, òun ń lọ sí Ìkirè. Ní ìkejì, ó tún ní òun ń lọ wo ìyá náà. Mùsílíù ní kí ó kí i. Ọ̀tá ìkẹyìn jókòó sórí àga rẹ̀. Kò lọ síbì kankan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìkẹta, Mùsílíù ń jáde, Oyèwọlé ń wọlé. Oyèwọlé kò bá Ṣadé ṣeré. Ó na fóònù àti ìwé síwájú, ojú rẹ̀ wà lára bàtà ara rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti pẹ́,” ó ní, ó sì kọjá.

Kò tíì pẹ́. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Ṣadé fi ṣíbí ńlá tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀. “Kí ló ṣe ọmọ Ìkirè? Àbí ara rẹ̀ ti dé Àtàn kó tó kó ẹrù dé bẹ̀?”

“Àtàn wo?”

“Ibi iṣẹ́ tuntun. Ṣé Sátidé kọ́ ló ń lọ ni? Ó ní kí n tètè wá ẹlòmíràn tó máa máa jẹ àkàrà òun.” Ó wo ojú Mùsílíù, ó sọ ṣíbí kalẹ̀. “Yéè! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń sùn?”

“A kì í jọ sùn,” Mùsílíù wí.

Ó rìn délé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, ó ṣí ìwé kékeré náà.

*A ti borí. Fàtímọ̀ ṣubú. Oògùn àjíǹde ti tán. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tan fóònù. Eérú ti ká kúrò. Òkun ń bẹ níbẹ̀, ó ń dán. Jagunjagun mẹ́ta dúró létí òkè, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí Mùsílíù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó wí nínú ara rẹ̀. Bí oògùn bá tán, ó tán. Kò mọ ohun tó sún un láti wo inú àpò. Bóyá ìka tí kò lórí yẹn ni.

Oògùn àjíǹde: mẹ́ta.

Eré náà ń pa ìrántí gbogbo ìjà mọ́. Ó ń kọ ẹni tó kàn sílẹ̀, ó ń kọ ohun tó yàn. Mùsílíù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. Ọwọ́ Oyèwọlé dára ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ìyípo kọkànlá, ọ̀tá ìkẹyìn gba iná ńlá sọ́wọ́. Ohun kan wà tí jagunjagun lè ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀: ó lè pe ọ̀tá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí iná náà má bàa ba àwọn tó kù. Ẹni tó ń gbé asà ló ń ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ara rẹ̀ gbà á.

*Ó kan Fàtímọ̀. Fàtímọ̀ pe ọ̀tá sọ́dọ̀ ara rẹ̀.*

*Ó kan ọ̀tá. Fàtímọ̀ ṣubú.*

*Ó kan Oyèwọlé. Ó gbá ọ̀tá.*

*Ó kan tafàtafà. Ó ta ọ̀tá.*

*Ó kan alásà. Ó gbá ọ̀tá. Ọ̀tá kú.*

Ìgbà mẹ́ta ló kan àwọn tó kù nígbà tí Fàtímọ̀ wà nílẹ̀. Oògùn mẹ́ta wà nínú àpò. Ìka kan ṣoṣo ló ń yàn fún gbogbo wọn.

Mùsílíù rí ìdí rẹ̀. Eré náà ló ti kọ́ ọ láti máa rí ìdí nǹkan. Bí alásà bá lo ìgbà tirẹ̀ láti gba iná náà, tàbí tí ẹnì kan bá lo tirẹ̀ láti gbé Fàtímọ̀ dìde, ìjà á gùn sí i. Ó lè gba wákàtí kan, ó lè gba ọ̀sán kan. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á tètè parí.

Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Ìrọ̀rí ń ta òórùn ọṣẹ Oyèwọlé. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì fi apá ṣe ìrọ̀rí.

Ní òwúrọ̀ Ẹtì, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ iná Ṣadé títí Oyèwọlé fi jáde.

“Oògùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀.”

Oyèwọlé nu ojú. “Ẹ ti wo inú àpò.”

“O kọ ọ́ pé ó ti tán.”

“Ẹ̀gbọ́n, géèmù ni.”

“Ìwé ni mò ń bá ọ sọ.”

Àwọn tó ń bọ̀ láti ṣíftì ń kọjá láàárín wọn, wọ́n ń kí wọn. Mùsílíù dá olúkúlùkù lóhùn.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ò ń lọ?”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ìyá rẹ ńkọ́? Ìkirè?”

“Ara màmá le. Àtàn ni mo lọ.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ẹnì kan péré ni wọ́n ń wá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ jù mí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú.”

“Èyí yé mi,” Mùsílíù wí. “Fàtímọ̀ ni kò yé mi.”

“Ọ̀la ni mò ń lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gun òkè yẹn pẹ̀lú yín. Mo ní kí n rí òpin rẹ̀. Mo ti fẹ́ gbé e dìde, mo búra. Mo wo aago, ó ti di aago márùn-ún, mo ní láti wá síṣẹ́.”

“Ò bá dá a dúró síbẹ̀. Ó ti kàn ọ́. Kò sí ohun tó máa ṣe ọ́.”

“Tí mo bá dá a dúró, ọwọ́ yín ló máa parí sí. Èmi ò ní rí i.”

Ṣadé da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. “Ẹ̀yin méjèèjì, orí fóònù lẹ wá ń jà lé? Ẹ̀yin àgbà bí èyí? Ẹ yà fún oníbàárà mi.”

Wọ́n yà.

“Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun,” Oyèwọlé wí. “Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ òmíràn. Ojú yẹn ṣì wà níbẹ̀, mo wò ó.”

Mùsílíù wo ẹnu rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́.

“Wọ́n ti sin ín kí n tó délé. O mọ̀.”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“Ọ̀tá yẹn ì bá dúró, Oyè. Bó di Iléyá, ì bá dúró. Ìwọ ni kò dúró.”

Ó na fóònù sí i, àti ìwé. Àárọ̀ ni, ìgbà Oyèwọlé láti gbà á ni. “Gbà. Ó kàn ọ́.”

Oyèwọlé kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Ẹ máa mú un. Mo fi ìpín tèmi sílẹ̀ fún yín.”

Mùsílíù gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì Ṣadé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀wà lílọ̀.

“Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ o! Epo ò mọ fóònù!”

Féèrè ilé iṣẹ́ dún. Mùsílíù wọlé.

Ẹ̀rọ náà ń gbóná, ó ń dúró dè é. Ìwé àńdófà wà níbi tó máa ń wà. Ọwọ́ ńlá yẹn, tó ń tẹ̀ sápá ọ̀tún: *Ohun gbogbo dára. Mo ti yẹ ilẹ̀kùn wò.*

Mùsílíù gbé ìka lé bọ́tìnnì. Ó gbé e kúrò. Ó lọ mú sípánà.

“Mùsílíù! Wetin dey happen?” Ọ̀gá Ògúndèjì pariwo láti òdìkejì. “Mẹ́fà ti kọjá, ẹ̀rọ ẹ nìkan ni ò tíì sọ̀rọ̀!”

“Mò ń yẹ bóòtù wò, sà.”

“Láti ìgbà wo? Ta ló fi ẹ̀rọ náà lé ọ lọ́wọ́?”

“Oyèwọlé ni, sà.”

“Oyèwọlé? Ọ̀rẹ́ ẹ?”

Mùsílíù ti kúnlẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn irin. Bóòtù mẹ́jọ ni. Ó fi sípánà bọ ti àkọ́kọ́ lórí, ó tẹ̀ ẹ́. Kò yí. Ó bọ́ sórí èyí tó kàn. Kò yí. Oyèwọlé ti fún gbogbo wọn le. Mùsílíù dé orí ìkẹjọ, ó dúró díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́.